Mirán Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìyá Rẹ̀

Ẹ má tíì sọ pé ìwé lásán ni o, Mọ̀mí Níkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná, ẹ gbé báàgì yẹn kúrò lórí àga, nítorí bí ẹ bá sọ pé ìwé lásán ni, wallahi màá tún bú sẹ́kún níwájú yín, ojú mi sì ti wú tó báyìí, ẹ̀yin náà ẹ rí i. Hamid ti sọ ọ́. Ọkọ mi dúró síbi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an, ó ní, “Husainat, torí kọ́míìkì? Torí àwọn ará Korea tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún ara wọn nínú bébà lo ò ṣe lọ síbi iṣẹ́?” Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀! Ó ja ìjà kọjá ilẹ̀kùn mẹ́fà, ó ṣí ìkeje, ogún ìwé gbáko, ó wá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń wá, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó bá tirẹ̀ lọ! Irú òǹkọ̀wé wo nìyẹn? Ṣé òun ò ní ìyá ni?

Ẹ ní kí ni? Níkẹ́ náà sunkún? Háà, ọmọ dáadáa. Ó ní gbogbo kíláàsì wọn ló pín sí méjì lórí ẹ̀? Ẹ ṣáà rí i! Àwọn kan ní ó dáa, àwọn kan ní kí wọ́n dáná sun ún, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mo wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ dáná sun ún. Ṣùgbọ́n Ameenah ní ó dáa. Ọmọ tèmi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ariwo tí Níkẹ́ gbọ́ láti ilé yín lánàá tó fi sáré wá sọ fún yín, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ̀yin lẹ bá wa lọ pàdé rẹ̀ ní ẹ́ápọ́ọ̀tù lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹ rántí bó ṣe kúnlẹ̀? Gbogbo yín ń sọ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, “Ẹ káàsán ma.” Ma! Bí ẹni ń kí hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì. Ọmọ tí mo bí, Mọ̀mí Níkẹ́. Ẹ̀yin ti lọ tán, mo fẹ́ wẹ̀ fún un, ó fa táwẹ́lì mọ́ra, ó ní òun ti máa ń dá wẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, òótọ́ ni, ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀, ọwọ́ mi ò mọ̀ pé ó ti dàgbà.

Mo gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́ ní Ìwó. Mo ní oṣù mẹ́fà ni. Ìwé ìgbélùú kò jáde. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn, bí o bá kúrò nílùú òyìnbó yìí kí ìwé tó jáde, o ò lè wọlé mọ́, bí o bá sì dúró, ọmọ ń dàgbà lẹ́yìn rẹ. Mo bí Khalifa níbí, mò ń fún un lọ́mú, mò ń sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún méje! Ẹ bá mi kà á. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń pè, ìyá mi á ní, “Wá kí mọ̀mí ẹ,” ọmọ á ní, “Mọ̀mí mi nìyí, ta lẹ tún ní kí n kí?”

Ó dé síbí tán, oṣù mẹ́rin gbáko, “Yes ma,” “No ma,” nígbà tó sì ti lọ sílé ìwé díẹ̀, “Grand,” ìyẹn “ó dáa” lẹ́nu àwọn ará ibí. Ṣé o ti jẹun? Grand. Báwo ni sùkúù? Grand. Wọ́n ha lù ẹ́ lórí ni? Grand! Ṣùgbọ́n kí ìyá mi pè láti Ìwó, háà, Yorùbá á wá máa ṣàn bí omi, ẹ̀rín á sọ, á gbé fóònù lọ sínú yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Èmi á dúró sí kọ́rídọ̀ bí ayálégbé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ ẹ̀rín nínú hot press wa, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó táwẹ́lì sí níbi tí bọ́ílà ti ń móoru. Mo ṣí i. Ọmọ mi ló ká jọ sínú ẹ̀, ó ń sá fún òtútù, ó di kọ́míìkì kan mú tó yá ní láíbírì, *Ilẹ̀kùn Méje*, apá kìíní. Mo ní kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ó ní nothing ma. Mi ò lọ. Mo jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ilẹ̀kùn hot press, mo ní, “Sọ ọ́ fún mi.” Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ lóyìnbó, jẹ́jẹ́, pé ọmọbìnrin kan nìyí, Mirán lorúkọ ẹ̀, ìyá ẹ̀ sọ fún un pé òun ń lọ pọnmi, kò padà mọ́, wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn keje, ní ìlú àwọn abàmì, ìyá arúgbó kan tó ń rọ irin ló wò ó dàgbà tó sì rọ ọ̀kọ̀ fún un. Ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìjà wá gbóná, Mirán pàdé abàmì olórí méjì, àfi bí Yorùbá ṣe já jáde lẹ́nu ọmọ yìí! “Ó fi ìdí ọ̀kọ̀ gbá a lẹ́nu, gbàù, eyín rẹ̀ dà sílẹ̀ bí àgbàdo!” Yorùbá Ìwó, Mọ̀mí Níkẹ́! Fún èmi! Mo ní, “Orí wo ló gbá nínú méjèèjì?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ṣé ẹ wá ń bi mí ìdí tí mo fi ń ka kọ́míìkì?

Àtìgbà yẹn ni a ti ń kà á pọ̀. Èmi tí mo ti dúró di ẹrù sínú páálí láti àárọ̀ ní wẹ́íháósì ní èbúté, tí ẹ̀yìn ń ro mí, bí mo bá ti wọlé, “Mirán dà?” Bí apá tuntun bá jáde, a ó wọ tíréènì ní Clonsilla, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á ní ìgboro, Hamid á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Ní apá kẹsàn-án, ilẹ̀kùn kẹta wó lu ẹsẹ̀ Mirán, Ameenah di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mam, ẹ wò ó!” Mam. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́. Mo ní mò ń wò ó. Mi ò rí nǹkan kan lójú ìwé yẹn, omijé ti bò mí lójú.

Torí náà ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ tí mo ti ń dúró de kí ọmọ yẹn dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ kí wọ́n dì mọ́ra. Mo ti ń rí i lójú àlá. Mo ní ọjọ́ tí Mirán bá dì mọ́ ìyá ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni èmi náà máa lè fa ọmọ mi mọ́ra láìjẹ́ pé ara ẹ̀ le gbagidi bí igi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ.

Lánàá la ra apá ogún, ìkẹyìn. Orí tábìlì yìí la ti kà á. Mirán ṣí ilẹ̀kùn keje. Ìyá ẹ̀ jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dè é! Òun fúnra ẹ̀ ló wọlé lọ́jọ́sí láti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, kí èéfín àrùn má baà jáde pa àwọn ará abúlé, pa ọmọ ẹ̀. Torí ọmọ ló ṣe lọ! Ó sì ti wá parí, èéfín ti tán, ó lè máa bọ̀ nílé. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Mo ti ń retí rẹ.” Mirán gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ bí mi.” Ó dìde, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó ń rọ irin.

Ẹ ṣeun tí ẹ bí mi! Bí ẹni tí wọ́n fi mọ́tò gbé dé ìkóríta!

Mo pariwo. Mo ní òǹkọ̀wé yìí kò ní rí ọmọ tirẹ̀ tí yóò tọ́jú ẹ̀. Ameenah pa ìwé dé jẹ́jẹ́. Ó ní, “I think it's lovely, actually.” Mo ní kí ló dáa níbẹ̀? Ó ní Mirán kò lọ mú ìyá ẹ̀ wálé, “She went to see was she alive, Mam.” Mo ní ìyá náà jìyà torí ẹ̀! Ó ní ta ló rán an? Mo ní ìyá tó bí i ni! Mo ní arúgbó yẹn, ta ni arúgbó yẹn? Alágbàtọ́ lásán!

Yéè. Ẹnu mi. Mọ̀mí Níkẹ́, ẹnu mi yìí.

Ọmọ náà wò mí. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, kò pariwo, ó ní, “Ẹ ní ẹ ń lọ ra bàtà fún mi.”

Ẹ ò mọ ìyẹn, mi ò sọ fún ẹnì kankan rí, Hamid kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Ìwó, kó má baà sunkún tẹ̀lé mi, mo ní mò ń lọ ra bàtà fún un ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo rò pé kò lè rántí. Ó ní, “Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ni mò ń jókòó síbẹ̀, Mọ̀mí Ìwó ló ń wá gbé mi wọlé. Mọ̀mí kì í ṣe alágbàtọ́ lásán.” Ó ní, “Mọ̀mí ti ṣubú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, ta ló ń pọnmi fún un? Mo fẹ́ lọ sílé.”

Ìgbà yẹn ni ariwo tí Níkẹ́ gbọ́ sọ. Èmi ni mò ń ké, kì í ṣe òun. Mo ní kò lọ síbì kankan. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ìyá sọ, ẹ má bi mí.

Láàárọ̀ yìí mo pe ìyá mi. Mo rò pé á bá mi bá a wí. Ó ní, “Husainat, má rán an wá torí tèmi, ọmọ Risi aládùúgbò wa ń pọnmi fún mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí tirẹ̀ ni, jẹ́ kó máa bọ̀.” Mo wá lọ bá ọmọ ní yàrá. Mo ní bí ilé ìwé bá ti parí nínú oṣù kẹfà, yóò lọ. Mo ní mo purọ́ bàtà fún un, kó foríjì mí. Ó mi orí. Ó ní, “Grand.” Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ó wá kó gbogbo kọ́míìkì náà wá sórí tábìlì yìí, ogún, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ó ní, “Will you mind them for me, Mam?”

Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí kò ní padà wá, ṣé ó máa ń ní kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹrù ni? Àbí ó kàn fi í dá mi lọ́lá? Ẹ má kàn sọ pé yóò padà torí kí n lè jẹun. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Èmi gan-an ṣèlérí oṣù mẹ́fà.

Ẹ wo ojú ewé ìkẹyìn yìí. Ilẹ̀kùn ti tì. Ìyá náà dá wà nínú ẹ̀, ẹ wò ó, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni wọ́n yà. Ẹ̀yìn, irun, ọwọ́ méjì tó ṣì nà síwájú. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ òun yè. Mo ti wò ó láti àárọ̀.

Níkẹ́ mọ kọ̀ǹpútà lò. Ẹ ní kó bá mi kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé yẹn ní Korea. Mi ò ní kó ṣí ilẹ̀kùn o, kó wà ní títì bí ọmọ ṣe fẹ́ ẹ. Kí òǹkọ̀wé náà yí obìnrin yẹn kọjú sí wa ni. Kó ya ojú ẹ̀! Àbí ojú ìyá kò yẹ ní yíyà ni? Kó ya ojú ẹ̀, kí n rí i!