Ẹ̀wà Tó Ń Dín Lábẹ́ Aṣọ

Àǹtí Edith, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, ara wo ló fẹ́ balẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa ṣí aṣọ lórí ẹ̀wà mi láàárọ̀, tí mo máa rí i pé ó ti dín. Ife mẹ́rin ni mo rẹ sómi lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, èmi ni mo da omi nù, èmi ni mo fi aṣọ tútù bò ó lábẹ́ tábìlì ìdáná, níbi tí oòrùn ò dé. Òní ló yẹ kó hù dáadáa. Mo ṣí i, kò tó ife méjì mọ́. Ẹ̀wà tó yẹ kó wú kó sì pọ̀ sí i! Ṣé ẹ̀wà náà lẹ́sẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ń fi í ṣe fún yín, torí ẹ ò bi mí rí. Dókítà ló ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, kí n jìnnà sí ẹran. Ọmọlará ọmọ mi ló kọ́ mi lórí fóònù pé kí n jẹ́ kí ẹ̀wà hù kí n tó sè é, pé kò ní máa wú mi nínú, kí n gún un pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, kí n wọ́n gàrí díẹ̀ sí i kó lè dì mú, kí n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí n dín in, kí n fi sáàárín búrẹ́dì. Bọ́gà tí mò ń jẹ lójú yín nìyẹn. Láti ìgbà tí bàbá Ọmọlará ti kú, n ò rí oúnjẹ tó dùn mọ́ mi lẹ́nu tó o, òun náà ni wọ́n sì ń jí!

Ẹ ní ta ni? Àǹtí, ta ló ń gba ẹ̀yìn ìdáná mi kọjá lọ sídìí kànga láràárọ̀? Ta ló rí bọ́gà mi tó rẹ́rìn-ín, tó ní ṣé oúnjẹ ẹyẹ ni mo wá ń jẹ báyìí? Mùínátù, ìyá Waris, ará ilé kejì yìí ni. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

N ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà o. Mo ní bóyá eku ni. Mo ta kókó méjì sí aṣọ náà. Ilẹ̀ mọ́, kókó méjì wà níbẹ̀, ẹ̀wà ti dín. Eku wo ló ń tú kókó tó tún ń ta á padà? Mo tún rí ẹyọ kan tó ti yọ ìrù funfun lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mùínátù ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ìdáná mi, èmi ni mo fún un, lọ́jọ́ tí a sin bàbá Ọmọlará, torí òun ló ń wọlé wá dáná fún mi nígbà tí n ò lè dìde.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ báyìí, ẹ̀yin ṣì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, mo bá a nídìí kànga, mo bi í lójú gbogbo ayálégbé pé kí ló ń fi ẹ̀wà mi ṣe. Kò bú mi. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ó gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó tú kọ́kọ́rọ́ náà létí ìró, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Matilda, torí ẹ̀wà?” Ó ti di òpópónà kejì tó ti ń pọnmi. Ẹ wá wò ó, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀wà ṣì dín lónìí! Ó ti gé òmíràn pa mọ́ ni. Mo fi Bíbélì búra, ó ti gé òmíràn.

Kí lẹ ń wolẹ̀ fún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá láti Ìbefún láti ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ ń jí ṣáájú gbogbo wa, ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?

Ẹ ní kí ni?

Ẹ̀yin?

Ẹ gbìn ín. Lẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹ ní ẹ̀wà tó bá ti hù, ilẹ̀ ló ni ín, pé nínú oko bàbá wa wọn kì í jẹ irúgbìn tó ti yọjú. Mo mọ̀, Àǹtí, èmi náà dàgbà níbẹ̀. Ẹ rò pé mo rẹ ẹ́ sómi mo gbàgbé ẹ̀ ni, pé ọjọ́ ogbó ti dé, ẹ ò sì fẹ́ dójú tì mí, lẹ ṣe ń ṣa èyí tó hù jù, tẹ́ ẹ ń ta kókó padà. Áà! Ẹ jẹ́ n jókòó. Mo ti pe Mùínátù lólè.

Rárá, kò di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ má sọ pé orúnkún ń dùn yín, orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ gbin ẹ̀wà á gbé yín dé ilé kejì. Ẹ pe àwọn ayálégbé, kí gbogbo wọn tẹ̀lé wa, ojú wọn ni mo ti bá a wí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa kúnlẹ̀.