Èmi ni mo tẹ fóònù Màmá Kúdí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, àmọ́ ohun tí Màmá Kúdí sọ láàárọ̀ òní ló kó mi láyà jẹ tí mo fi ń kọ ọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìgandò ni èmi àti Màmá ti jọ ń tún yàrá ṣe. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ni ọ̀gá fi ń pín iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé áàpù kan sórí fóònù wa tó ń pín yàrá fún kálukú. Tí o bá ṣe tán, wàá tẹ̀ ẹ́ pé ó ti parí. Tí o bá fẹ́ gbé yàrá rẹ fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ pé òun gbà.

Màmá ò mọ̀wé. Èmi ni wọ́n ń gbé fóònù fún. "Ìyá Dárà, bá mi tẹ̀ ẹ́ jàre, ojú tìẹ ríran."

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọmú ni Dárà nígbà yẹn, mo sì máa ń sáré lọ gbé e lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn yàrá òkè tó jẹ́ tèmi sórúkọ Màmá. Màá tẹ tèmi, màá tún tẹ tiwọn pé wọ́n gbà. Wọ́n á di orúnkún mú, wọ́n á máa gun àtẹ̀gùn. "Ẹ̀rọ yìí ò mọ àgbà. Ta ló tiẹ̀ bí i?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń bá mi tọ́jú Dárà pè mí pé ara rẹ̀ gbóná. Yàrá kan ṣì kù lọ́wọ́ mi. Fóònù Màmá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sórúkọ wọn, mo tẹ̀ ẹ́ pé ó ti parí, mo sì sáré lọ. Mi ò sọ fún wọn. Mo rò pé màá padà. Mi ò padà. Wọ́n fi àlejò kan síbẹ̀, ó bá ẹ̀gbin ẹlòmíràn lórí ibùsùn.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà na fóònù sí Màmá. "Màmá, orúkọ yín rèé. Ẹ̀rọ kì í parọ́." Màmá búra pé àwọn ò dé yàrá yẹn. Wọ́n yíjú sí mi: "Ìyá Dárà, bá mi wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Mo ní, "Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, mà."

Wọ́n lé Màmá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Màmá ò tiẹ̀ fura sí mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ti ń jókòó sílé, kí n máa gbé Dárà wá sọ́dọ̀ àwọn ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ẹ̀yìn wọn lọmọ mi ti ń sùn látìgbà náà.

Láàárọ̀ òní, wọn ò gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ní kí o bá mi tẹ yàrá yẹn, tí mo gbàgbé. Orí mi ti ń dàrú. Mi ò dáná mọ́ láti ìjẹta, kí n má baà sun ilé. Má gbé e wá mọ́, kí n má lọ gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ síbì kan."

Dárà ń na ọwọ́ sí wọn, ó ń ké. Mo gbé e kúrò níbẹ̀.

Tí mo bá sọ, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu tí wọ́n fi ń súre fún ọmọ mi, ṣé wọn ò ní fi ṣépè? Tí mi ò bá sì sọ, ẹni tí orí rẹ̀ pé á máa pe ara rẹ̀ ní wèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ta ni kí n mú dání lọ bẹ̀ wọ́n? Àbí kí n dá lọ, kí n kúnlẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Màmá nìkan ló wà nínú ilé, ẹ̀rù iná ń bà wọ́n.