Ọjọ́ Tí Mo Fọwọ́ Kí N Tó Ju Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Ó ti pẹ́ tí adájọ́ ti sọ ọ́. Irun orí mi ti funfun nínú yàrá yìí. Ọjọ́ tí wọn yóò mú mi jáde nìkan ni n kò mọ̀. N kò kọ̀wé láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí mi, nítorí ẹni tí mo pa kò ráyè bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà ọ̀dọ́ mi, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń ju páálí ọṣẹ láti ọwọ́ sí ọwọ́ títí ọkọ̀ ó fi kún. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù lójú ọ̀nà Ìdírókò. Oko ẹ̀gẹ́ àná á di ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lónìí. Olùkọ́ kan tó ti gbé Amẹ́ríkà wá sí ọ̀kan nínú wọn, ó sì mú béésíbọ́ọ̀lù bọ̀: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹnì kejì á fi igi gbá a, ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn onígi, á fi ìbọ̀wọ́ awọ mú un. Kóòṣì là ń pe olùkọ́ náà. Ọ̀gá wa nílé-iṣẹ́ ọṣẹ fẹ́ràn eré náà, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ń sanwó oṣù fún wa láti máa ṣe é.

Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ eré. N ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún bíi wákàtí méjì. Bí ọwọ́ ẹni tó ń jù bá ti rẹ̀, tí eré sì fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ìgbà náà ni Kóòṣì á nàka sí mi. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ mi ti parí. Wọ́n sọ mí ní Panápaná.

Bùrọ̀dá Múfú, ọmọ Ìtèlè, ló ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi. Òun ló wáṣẹ́ fún mi, ìyá rẹ̀ ló sì ń fún mi lóúnjẹ.

“Panápaná, o ti sùn tán? Iná ti ń jó wa o!”

“Ẹ jẹ́ ó jó díẹ̀ sí i, Bùrọ̀dá. Tí mo bá tètè dé, ta ni yóò mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́?”

Lọ́jọ́ kan, ọṣẹ tútù kù sí mi léèékánná. Bọ́ọ̀lù tí mo jù sáré dé iwájú igi, ó já wálẹ̀ bí ẹni fà á. Onígi gbá afẹ́fẹ́. Ariwo sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọṣẹ díẹ̀ pamọ́ sínú fìlà mi, tí mo sì ń fi í pa bọ́ọ̀lù. Èèwọ̀ ni nínú eré yẹn, ṣùgbọ́n mo ní ọṣẹ kì í ṣe májèlé.

“Àbúrò, kí ló dé tí ìbọ̀wọ́ mi ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀?”

“Òógùn mi ló mọ́ jù.”

A rẹ́rìn-ín. Ó sì bá mi pa àṣírí náà mọ́.

Nígbà tó yá, Kóòṣì ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun wá yan ẹnì kan tó mọ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, tí wọn yóò mú lọ sọ́dọ̀ wọn. Èmi ni gbogbo ojú ń wò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, bọ́ọ̀lù ọlọ́ṣẹ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ba akẹ́kọ̀ọ́ kan lójú. Bùrọ̀dá Múfú wá mi kàn ní Ìyànà Ìyẹ̀sí.

“Ọmọ yẹn ò ní fi ojú ọ̀tún ríran mọ́. Lọ sọ fún Kóòṣì.”

“Ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò lọ ná.”

“Rárá. Mo fún ọ di Jímọ̀. Tí n bá kírun tán tí o ò tíì sọ, èmi á sọ. Màá sọ pé èmi náà mọ̀.”

“Bùrọ̀dá, ẹ fẹ́ ba ayé mi jẹ́?”

“Ojú ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?”

Lọ́jọ́ Àlàmísì a lọ ṣe ìdánrawò. Nígbà tó kan Bùrọ̀dá Múfú láti mú igi, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi iyanrìn fọ ọwọ́ mi títí kò fi yọ̀ mọ́. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

“Panápaná, ìwọ náà ń fọwọ́ lónìí?” Kóòṣì ló béèrè.

Bùrọ̀dá Múfú wò mí, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo ti jáwọ́. Kóòṣì na akoto tí onígi fi ń bo orí sí i, ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá gbé e sílẹ̀.

“Ẹ fi sílẹ̀, sà. Ó ti fọwọ́. Ẹ̀rù kí ló tún kù?”

Bọ́ọ̀lù náà kò yọ̀, kò sì já wálẹ̀. Ẹ̀bátí rẹ̀ tí mo fojú sùn ló bà tààrà. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

Mo kígbe pé bọ́ọ̀lù yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo wọn sì gbà. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyá rẹ̀ mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìwọ lọmọ tó kù fún mi. Jẹun.”

Mo jẹun.

Kóòṣì ni kò lè gbàgbé ẹ̀rọ omi yẹn, ó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ní kọ́ọ̀tù, ó bi mí lójú gbogbo ènìyàn: “Ọwọ́ tí o fi iyanrìn fọ̀, báwo ni bọ́ọ̀lù ṣe yọ̀ níbẹ̀?” Mo wo ìyá náà, n kò lè parọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún yín. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá fún yín di Jímọ̀ kí ẹ fi jẹ́wọ́ ohun kékeré, ẹ lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Àlàmísì. Ẹ̀rọ omi yẹn kò jìnnà sí ibi tí Kóòṣì dúró. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá péré ni.