Ọwọ́ Mi Ni, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Ará Íjíbítì

Ẹ̀yin ará mi, èmi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé èyí mì. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé ní Thursday, Bùkọ́lá, àbúrò mi níbi iṣẹ́, máa lọ defend ìwé ìwádìí PhD rẹ̀. Irọ́ tèmi wà nínú ìwé náà.

Lab kan ní Calgary níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fọ àfọ́kù òkúta tí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta, tí wọ́n sì ti ń fi ṣe ọ̀bẹ. Èmi náà ni mo ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dunjú, kò sí àní-àní.

Ní Saturday kan, èmi nìkan ni mo wà ńbẹ̀. Mo rí òkúta kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́ rí, mo ní kí n fi òkúta míì lù ú bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe, kí n dán an wò. Ó kúkú mọ́ mi lọ́wọ́! Kí n tó gbójú sókè, àfọ́kù tèmi ti fò bọ́ sínú àwo tàwọn ti àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, inú ilẹ̀ jíjìn ni tiwọn ti wá, ara wọn ṣì ń dán, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. PR mi, ìwé ìgbélùú Kánádà, ò tíì jáde nígbà yẹn, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé mi níṣẹ́. Mo kọ nọ́ńbà sí gbogbo wọn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bùkọ́lá sáré wọlé, ó mú ọ̀kan nínú àwọn àfọ́kù náà dání. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! One of these miners was left-handed!”

Ọwọ́ òsì lèmi náà ń lò. Ìyá mi na ọwọ́ yẹn títí, kò gbọ́. Mo wo ìhà tí wọ́n ti lu àfọ́kù náà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ní, “Congrats, àbúrò.” Ó fi kọ odidi orí kan nínú ìwé rẹ̀.

Ní Sunday tó kọjá, mo lọ kí Bùkọ́lá àti ará ilé rẹ̀ ní Redstone, àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń fi òsì jẹun, ìyá àgbà sì ń pariwo, “Ọwọ́ ọ̀tún!” Ọmọ náà ní, “Grandma, the man in Egypt used left too. Mommy proved it.” Màmá fi í sílẹ̀ kó máa fi òsì jẹun lọ. Ojú tì mí gan-an.

Mo ti pinnu: màá sọ fún Bùkọ́lá kí Thursday tó pé. Kó bínú, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo gbà. Tó bá yọ orí yẹn kúrò, ìyókù ìwé rẹ̀ á dúró dáadáa. Mo mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, kí ni kí n sọ fún ọmọ yẹn?