Máìkì Tó Gbọ́ Ohun Tí A Kò Fẹ́ Gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run Ọba tó fún wa létí méjì, tó sì fún wa lẹ́nu kan ṣoṣo. Ìkẹ́ àti ọlà rẹ̀ kó máa bá Ànọ́bì wa, àwọn ará ilé rẹ̀ àtàwọn sàábé rẹ̀ gbogbo. Wáàsí tòní kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀ranyàn ni fún mùsùlùmí, tó bá gbọ́ ohun tó lè pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára, kó sọ ọ́ fún un. Ọ̀ranyàn sì ni fún ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún, kó gbà. Ṣé ẹ rí i bó ti rọrùn lẹ́nu? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó lápá òsì, ẹ ti ń mi orí. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn tán.

Ìtàn yìí kò tinú ìwé wá. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín lẹ mọ Alfa Sáùbánà. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò láàárín wa, ẹ jẹ́ n sọ fún un: òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa ní Ìwó níbí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bó bá pe ìrun Àsùbáà, ẹni tí kì í kírun gan-an á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Pásítọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí sọ fún mi nígbà kan pé òun ò ra aago tó ń jíni, pé Sáùbánà ni aago òun. A jọ lọ sílé-kéwú ni, pàṣán alfa kan náà ló jọ nà wá. Ohùn rẹ̀ ló sì ń kó èrò wá síbi wáàsí mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kọ wákà títí ẹsẹ̀ á fi pé, kí èmi tó dìde. Bí mo bá sọ pé tèmi lẹ ń wá gbọ́ nígbà náà, ara mi ni mò ń tàn jẹ.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ Ìwó kan tó wà nílùú òyìnbó ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó lọ yan máìkì tó bá wù ú, òun á rà á fún un, kó lè máa gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Kó ka Kùránì láti Fátíà dé Náàsì, kó sì kọ wákà tí Ramọlánà á fi dùn. Kì í ṣe irú máìkì tí mo dì mú lọ́wọ́ yìí o. Kọndẹ́ńsà ni wọ́n ń pe irú èyí. Ó ń mu iná kó tó lè gbọ́ràn. Orí irin ni wọ́n ń gbé e kọ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án tó bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síwájú rẹ̀ kí atẹ́gùn ẹnu má baà lù ú. Tó o bá gbé itọ́ mì, ó gbọ́. Bí ọwọ́ agbádá rẹ bá ra ara wọn, ó gbọ́.

A bá gba Ìbàdàn lọ, sọ́dọ̀ Búsàrí. Búsàrí yìí ti ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ láti bí ogún ọdún. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Àdó, ó sì fi fóòmù bo gbogbo ògiri rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ dà bíi ti sàárè. Mo ń gbọ́ ọkàn ara mi bó ṣe ń lù. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Sùbúhánàlláhì! Ibí yìí ni wọ́n ti ń kọrin?”

Máìkì mẹ́ta ni Búsàrí gbé jáde. Ó ní, “Ẹ̀yin Alfa, ẹ má bá mi wo dídán o. Etí la fi ń yan máìkì, a kì í fojú yàn án. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ kà sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lóhùn kan náà.”

Sáùbánà ka Fátíà sí àkọ́kọ́. Ó mú ohùn rẹ̀ tínrín, gbogbo ibi tí ìró “sí” bá wà ń gún wa létí. A gbé e tì. Ó kà á sí ìkejì. Há! Èyí dùn. Ohùn náà nípọn, ó móoru, àfi bí ẹni da oyin lé e. Sáùbánà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìkẹta ni Búsàrí fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Ó ní, “Èyí kì í wá ojú rere ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá wà lọ́fun yín gan-an lẹ máa bá nínú rẹ̀.”

Sáùbánà kà á. Búsàrí tẹ ẹ̀rọ, gbogbo wa jọ gbọ́ ọ. Ó dá a dúró, ó tún dá a padà sẹ́yìn. Ó ní kí Sáùbánà tún un kà. Ó tún un kà. Mo rí i tí ojú Búsàrí yí padà, ló bá pa ẹ̀rọ.

“Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ọ̀fun ń dùn yín ni?”

“Rárá o. Kí ló dé?”

“Nǹkan kan ń ha nínú ohùn yín. Tẹ́ ẹ bá ti fa ọ̀rọ̀ dé ìparí, kẹ́ ẹ tó mí, ó ń ha bí ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Máìkì méjì tó kù ò gbọ́ràn dé ibẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí lọ́fun olórin kan tó jẹ́ ọ̀gá mi. Alfa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ lọ bá dókítà ọ̀fun. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀.”

Ẹ̀yin jàmọ́à, kí ló yẹ kí Sáùbánà ṣe? Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ ní kó lọ, àbí? Àwọn baba wa ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń pè ní “Ohùn Àlùjánnà” láti ọdún mọ́kàndínlógún, o wá sọ fún un pé nǹkan ń ha lọ́fun rẹ̀! Ó fò dìde, fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

“Máìkì ẹ ló ń ṣàìsàn! Ọ̀fun tèmi? Ọ̀fun tí mo fi ń pe gbogbo Ìwó sírun? O fẹ́ ta èyí tó wọ́n jù fún mi, lo bá ń fi àìsàn dẹ́rù bà mí.”

Búsàrí ní, “Alfa, tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ tajà, ṣé àìsàn ni mo máa fi polówó ẹ̀? Ẹ mú èyí tó wù yín. Àní ẹ má mú ìkankan. Ẹ ṣáà lọ wo ọ̀fun yín.”

Ni Sáùbánà bá kọjú sí mi. “Àlímì, etí ẹ wà níbí. Ṣé ìwọ gbọ́ nǹkan kan tó ń ha?”

Ẹ jẹ́ n mu omi díẹ̀.

Mo wo Búsàrí, mo wo Sáùbánà. Mọ́tò rẹ̀ ló gbé mi wá. Wáàsí Ramọlánà mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsí Sáùbánà, ta ló ń bọ̀? Mo ní, “Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o, ọ̀rẹ́ mi. Oyin ni.”

Ó ní, “Ṣé o gbọ́, Búsàrí? Di ìkejì yẹn fún mi.” Búsàrí kò bá a jiyàn mọ́. Ó dì í sínú àpótí rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ rántí Ramọlánà ọdún yẹn? Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí mọ́tò tí wákà Sáùbánà ò dún níbẹ̀. Máìkì náà bá a bo nǹkan ọ̀hún mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀, ó ń dùn mọ́ ọn, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé, “Ẹ wá gbọ́ ọ̀fun tí wọ́n ní ó ń ṣàìsàn.” Èmi náà ń bá a rẹ́rìn-ín. Àìsàn ò mọ wákà o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń bá lọ.

Nígbà tó ṣe bí oṣù mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí wú ikọ́ gbígbẹ. Ó ń jẹ orógbó, ó ń mu ata ilẹ̀ pẹ̀lú oyin. Sífáwù ìyàwó rẹ̀, tí à ń pè ní Ìyá Ramótà, ní, “Bàbá Ramótà, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù.” Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ó ní òjò tuntun ni. Òjò náà dáwọ́ dúró, kò rí nǹkan mìíràn tó lè ní ó fà á mọ́.

Ó wá di Àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mo ti ṣe àlùwàlá, mo jókòó, mò ń gbọ́ ọ. Ó pe ìrun dé ibi tó ti ń pe èèyàn wá síbi ìgbàlà, ohùn náà kán. Kò lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ o, ó kán ni. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi èémí rẹ̀ tó ń jáde látinú ẹ̀rọ orí mọ́ṣáláṣí. Ó ń ha, ó ń ha, ó gba gbogbo àdúgbò kan. Ohun tí Búsàrí nìkan fẹnu sọ nínú yàrá fóòmù, gbogbo Ìwó ló gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Pásítọ̀ ọ̀hún jáde tòun ti ìbora lọ́rùn, ó ń bi mí pé, “Alfa, kí ló ṣe é?”

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí kókó jẹjẹrẹ lọ́fun rẹ̀, ó ní, “Baba, ká ní ẹ tètè wá nígbà tó ṣì kéré ni, bóyá à bá yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ sì máa lo ohùn yín lọ. Ní báyìí, gògóńgò yín la máa yọ.” Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn, ibẹ̀ ló ti ń mí. Sáùbánà kò tún fọhùn mọ́ láyé. Bẹ́ẹ̀, àìsàn náà ti ràn kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè dé.

Mo lọ kí i nílé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ kan. Ìyá Ramótà gbé àga fún mi, ó ní òun fẹ́ lọ ra oògùn. Bó ti jáde tán, Sáùbánà mú síléètì ọmọ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó dojú rẹ̀ kọ mí. Ohun tó kọ ni pé, “Lọ́jọ́ yẹn ní Ìbàdàn, ṣé o gbọ́ ọ?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ kejì ti wà lẹ́nu mi. Wallahi, ó ti dé orí ahọ́n. Mo wo ihò ọrùn rẹ̀ tó ń sí, tó ń pa dé. Mo ní, “Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ kedere, láti ìgbà àkọ́kọ́.”

Kò sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu síléètì náà mọ́, ó yíjú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi dé, kò yíjú padà. Ọjọ́ kọkànlá sí ọjọ́ yẹn ló kú, a sì sin ín. Èmi ni mo kírun sí i lára, ìtìjú sì ń pa mí níwájú òkú.

Kí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé? Sáùbánà ṣì í, ó kọ ìmọ̀ràn, ó yan èyí tó dùn ún létí. Kí Ọlọ́run forí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ wo Búsàrí tí kì í ṣe ọ̀rẹ́, tí kì í ṣe ẹbí, òun ló bẹ̀ ẹ́. Èmi tá a jọ jẹ pàṣán, èmi ni mo purọ́ fún un. Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mẹni tó fẹ́ni. Ìwọ tó o jókòó síbẹ̀ yẹn, kí lo ti gbọ́ lára ọ̀rẹ́ rẹ tó o dákẹ́ sí? Nítorí mọ́tò rẹ̀? Nítorí kó má baà bínú sí ọ? Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ẹnu á dákẹ́, etí fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí. Kí lo fẹ́ kí tìẹ sọ?

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run, mo lè tọrọ àforíjìn rẹ̀ lórí ení ìkírun mi. Èyí tó wà láàárín èmi àti èèyàn, ọ̀dọ̀ èèyàn náà ni mo gbọ́dọ̀ lọ. Ìyá Ramótà, mo rí yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wá sẹ́nu ọ̀nà yín láti sọ ọ́, mo kàn kí yín, mo sì padà. Irọ́ tí mo pa níwájú ẹni méjì, mo jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí níwájú gbogbo àsálátù. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín wà láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda fún mi, ẹ forí jì mí.

Ẹ tẹ́ ọwọ́ àdúà. Ọlọ́run, Ìwọ tí ò ń gbọ́ inú ká tó la ẹnu, tọ́ wa sọ́nà. Fún wa lọ́rẹ̀ẹ́ tó máa sọ fún wa, fún wa létí tó máa gbà. Má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ dídùn sin ẹni tá a fẹ́ràn. Jẹ́ kí sàárè Sáùbánà fẹ̀, kó sì mọ́lẹ̀. Dárí ji ẹni tó gbọ́ tó sì dákẹ́.

Àmín yín pọ̀, mo gbọ́ ọ. Ìyá Ramótà, tiyín nìkan ni mi ò tíì gbọ́.