Ìbọn Tí Wọ́n Dán Wò ní Múṣin

Mo ń dúró de àdá mi ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní Múṣin, lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí ọdẹ kan já wọlé, tó ju ìbọn ẹlẹ́nu méjì síwájú alágbẹ̀dẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní ẹ ti dán ìbọn yìí wò!"

"Mo dán an wò. Bí mo ṣe ń fà á, ẹnu méjèèjì ń dún kẹ́."

"Ṣé ọta wà nínú ẹ̀?"

"Ọta kẹ̀? Ní Múṣin níbí? Kí àwọn sójà lè wá gbé mi?"

"Háà! Ọta ẹnu kìíní kàn ha ẹlẹ́dẹ̀ igbó léjìká ni. Inú bí i, ó kọjú sí mi. Mo fa ìkejì. Kẹ́! Kẹ́ yín yẹn náà ni mo gbọ́! Orí igi ni mo bá ara mi."

Alágbẹ̀dẹ mú ìbọn, ó fi fáìlì rin inú rẹ̀ díẹ̀, ó fà á. Kẹ́.

"Má bínú, àbúrò. Ó ti dáa báyìí."

"Ó dáa. Lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa dojú ẹ̀ kọ ẹlẹ́dẹ̀. Èmi á ti wà lórí igi."

Alágbẹ̀dẹ wo ìbọn títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀.