Ohùn Tí Ọkọ Mi Kò Dá Mọ̀

Alága ìjókòó wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, ẹ̀yin ará ilé mi àti ẹ̀yin àlejò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé fóònù pàjáwìrì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí, gbogbo ìpè ló ń já mi láyà. Ẹnì kan á ké pé ilé ń jó, èmi náà á ké. Bàbá Jẹ́jẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Ìwọ àti ẹni tó pè, ta ni kó wá gba ta ni sílẹ̀ báyìí?" Wọ́n ní kí n tó gbé ìpè mìíràn, kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kí n dijú, kí n máa gbọ́ èémí mi bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. "Bí ọkàn rẹ bá sá lọ, má bá a jà. Ṣáà pè é padà." Mo rò pé oorun ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi! Àmọ́ mo ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ́ mi lára.

Ibi iṣẹ́ nìkan ni mo ti ń lò ó o. Nílé, Ṣọ́jà làwọn ọmọ mi ń pè mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ìpè. Ọkùnrin kan ń sunkún: "Ẹ gbà mí, mà! Bisikíìtì há ọmọ mi lọ́fun, kò mí mọ́!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ mi ni. Ọmọ mi ni.

Gbogbo ara mi kú tipiri. Mo fẹ́ figbe ta. Àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀, èémí wọlé, ó jáde, ni mo bá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ sórí itan yín, sà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn, láàárín èjìká. Ẹ tún gbá a. Mo wà níbí."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ má jẹ́ ó gbọ́ o!"

Mo ní, "Kò ní gbọ́, sà. Ẹ gbá a."

Títí dòní mi ò mọ bí mo ṣe rí i sọ. Ọmọ bá kígbe.

Mo já fóònù sílẹ̀, mo sáré lọ sílé, ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ mi sì bá mi gbé ìpè tó kù láì bi mí ní nǹkan kan. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti dì mọ́ mi: "Obìnrin kan ló gbà wá o! Ohùn rẹ̀ tutù nini. Áà, ká ní ìwọ náà lè máa bá wa sọ̀rọ̀ báyẹn!"

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ṣé ó ṣeé gbọ́ sétí? Àwọn tí mi ò mọ̀ rí mọ ohùn kan lẹ́nu mi, ọkọ mi ò gbọ́ ọ rí! Ìtìjú ò jẹ́ kí n jẹ́wọ́ títí dòní.

Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ rọra jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ẹ wò ó, wọ́n káwọ́ lérí! Wọ́n ní, "Ìwọ kẹ̀?" Èmi ni, olówó orí mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbé ìfarabalẹ̀ náà wálé. Mo máa ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà kí n tó ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá ń fọ abọ́, ọwọ́ mi á wà nínú omi ọṣẹ, etí mi á wà lọ́dọ̀ èémí mi. Nígbà mìíràn ọkàn mi á sá lọ síbi ìjà àná, màá pè é padà. Nígbà mìíràn mo ṣì ń pariwo, mi ò purọ́.

Kí ìpè burúkú má ṣe ti ilé yín wá. Kí àwọn ará ilé yín máa gbádùn sùúrù yín kí àjèjì tó gbádùn rẹ̀. Àga tí mo fi sílẹ̀, kí ara tu ẹni tó máa jókòó lé e.

Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó ti ọkọ mi. Wọ́n ṣì káwọ́ lérí. Ẹ ṣé o.